Kámẹ́rà Ẹ̀ka àti Kọ̀ǹpútà Àtijọ́: Bí A Ṣe Lè Fi Wọ́n Ṣe Ìpàdé Láti Ọ̀nà Jíjìn

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn olóyè ẹ̀ka

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ dé òpin, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ wa nínú ẹgbẹ́ ni. Ohun tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò ni bí ẹ̀ka ẹgbẹ́ ṣe lè so kámẹ́rà díjítà tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí ó wà ní ibòmíràn lè máa rí wọn bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé ẹ̀ka náà lọ jẹ gbèsè nítorí ẹ̀rọ tuntun.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KÀN WÁ

Orílẹ̀-èdè wa tóbi púpọ̀. Ọ̀nà láti Èkó dé Kánò tó nǹkan bí kìlómítà 1,000. Olóyè ẹ̀ka tí ó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí ìpàdé yóò san owó ọkọ̀, yóò san owó oúnjẹ àti ti ibùsùn, yóò tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, yóò sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu lójú ọ̀nà. Nítorí èyí, àwọn ẹ̀ka tí ó jìnnà tí kò sì lówó lọ́wọ́ ni kì í sábà sí níbẹ̀ nígbà tí a bá ń jíròrò lórí owó oṣù, lórí ìyanṣẹ́lódì, tàbí lórí bí a óò ṣe ná owó ẹgbẹ́. Ìwé ni wọ́n máa ń rí gbà lẹ́yìn náà, pé báyìí ni a ti pinnu. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà sì sọ pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

Nígbà tí àrùn COVID-19 dé, tí ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kónílé-ó-gbélé ní Èkó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti ní Àbújá láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì di ohun tí kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni kámẹ́rà kékeré tí a ń gbé sórí kọ̀ǹpútà fún irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní webcam, di ọ̀wọ́n ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ara wọn léèrè pé: kámẹ́rà tí mo fi ń ya àwòrán yìí, ṣé kò lè ṣe iṣẹ́ náà ni?

Ìdáhùn ni pé ó lè ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kámẹ́rà ni, kì í sì í ṣe ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ni ó ní kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya àwòrán ayẹyẹ Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, tí wọ́n sì ní kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tí akọ̀wé fi ń tẹ lẹ́tà. Owó oṣù tí a yọ lára òṣìṣẹ́ ni a fi ra àwọn méjèèjì. Kí a tó yọ òmíràn, ó yẹ kí a mọ ohun tí èyí tí a ti ná lè ṣe fún wa.

BÍ WEBCAM ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 1991, àwọn òṣìṣẹ́ ìwádìí kan wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìkòkò kọfí kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jọ ń lò, ó sì wà nítòsí yàrá kan tí a ń pè ní Trojan Room. Àwọn tí ọ́fíìsì wọn jìnnà sí ibẹ̀ a máa rin ìrìn náà, wọn a sì bá ìkòkò ní òfìfo, nítorí pé àwọn tí ó wà nítòsí ti mu ún tán. Quentin Stafford-Fraser àti Paul Jardetzky wá kọ ojú kámẹ́rà kan sí ìkòkò náà, wọ́n sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kan tí ó ní ẹ̀rọ tí ń sọ àwòrán kámẹ́rà di ohun tí kọ̀ǹpútà lè kà. Láti orí àga rẹ̀, olúkúlùkù lè wo ìkòkò kí ó tó dìde. Àwòrán náà kò tóbi, kò sì ní àwọ̀, ṣùgbọ́n ó tó fún iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993 ni a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 2001.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé ìrẹ́jẹ kékeré kan ni ó bí i: ẹni tí ó sún mọ́ ìkòkò ń mu, ẹni tí ó jìnnà ń rìn lásán. Èkejì ni pé a kò ra kámẹ́rà náà ní webcam, nítorí pé kò tíì sí ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé nígbà náà. Kámẹ́rà lásán ni. Ẹ̀rọ tí ó wà láàárín òun àti kọ̀ǹpútà ni ó sọ ọ́ di webcam. Iṣẹ́ kan náà ni àwa náà fẹ́ ṣe.

ÈDÈ TÍ KÁMẸ́RÀ Ń SỌ

Iṣẹ́ méjì ni kámẹ́rà díjítà ń ṣe. Ó ń ya àwòrán, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú káàdì tí ó wà ní ikùn rẹ̀. Ìyẹn ni iṣẹ́ kìíní. Iṣẹ́ kejì ni pé ó ń fi ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lọ́wọ́ hàn wá lẹ́yìn rẹ̀, kí a tó tẹ ẹ. Nígbà tí a bá fi okùn USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ kìíní nìkan ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà máa ń fi han kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà yóò kà á sí àpótí tí àwòrán kún inú rẹ̀, kò ní kà á sí ojú tí ń ríran. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà, tí ó sì ṣí ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò fi rí i kà pé kò sí kámẹ́rà kankan níbẹ̀. Kámẹ́rà kò bàjẹ́, okùn kò sì já. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn ni. Bí Ìjọ́ àti Kànúrí bá pàdé láìsí ògbufọ̀, tí kò sì sí èdè kẹta tí àwọn méjèèjì gbọ́, ìkíni lásán yóò ṣòro, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu kò dun ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ní ọdún 2003, èdè kan ṣoṣo jáde fún àwọn kámẹ́rà tí ń fi àwòrán ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ láti inú okùn USB. UVC ni orúkọ rẹ̀ ní ìkékúrú. Windows XP tí a ti fi àtúnṣe kejì ti ọdún 2004 kún gbọ́ èdè náà, Linux sì ti ń gbọ́ ọ láti ọdún 2008. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí òun ni ìròyìn ayọ̀ fún ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́: kọ̀ǹpútà tí ó ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ lè ti mọ èdè UVC dáadáa. Ohun tí ó kù ni pé kí a wá ògbufọ̀ tí yóò gba àwòrán láti ọwọ́ kámẹ́rà, tí yóò sì fi UVC sọ ọ́ fún un.

KÍ Ẹ TÓ NÁ KỌ́BỌ̀ KAN

Ẹ gbé kámẹ́rà náà sórí tábìlì kí ẹ sì yẹ ara rẹ̀ wò. Lábẹ́ ìdérí kékeré ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí ihò kan tàbí méjì. Ẹ wo ohun tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan: USB, tàbí AV, tàbí HDMI. Nínú kámẹ́rà mìíràn, ihò kan ṣoṣo ni ó ń ṣe iṣẹ́ USB àti ti AV papọ̀, okùn tí a bá kì bọ̀ ọ́ ni ó ń yàtọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí mẹ́nù kámẹ́rà náà, kí ẹ wá ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ nípa USB, kí ẹ sì wò ó bóyá a kọ PC Camera tàbí Webcam síbẹ̀.

Àyẹ̀wò tí ó wúlò jù lọ, tí kò sì gba owó, ni ti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ fi okùn AV tàbí okùn HDMI so kámẹ́rà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ tan án, kí ẹ sì kọ ojú rẹ̀ sí ènìyàn kan nínú yàrá. Bí ẹni náà bá gbé ọwọ́ sókè, tí ọwọ́ sì gbéra lójú tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà yín ń fi àwòrán ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bùṣe. Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán tí ó wà nínú káàdì nìkan ni tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn, ọ̀nà AV tàbí HDMI ti dí fún kámẹ́rà náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ẹ̀rọ fún yín nítorí rẹ̀. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n bá rí ni kọ̀ǹpútà yóò rí; bí a bá kọ nọ́ńbà àti àmì bátìrì sórí àwòrán náà lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ wá ibi tí a ti ń pa wọ́n rẹ́ nínú mẹ́nù, nítorí gbogbo ìpàdé ni yóò máa wò wọ́n.

Kọ̀ǹpútà náà ńkọ́? Ẹ mọ irú Windows tàbí Linux tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ bóyá USB 2.0 ni ó ní. USB 1.1, tí ó jáde ní ọdún 1998, kò lè gbé ju mẹ́gábíìtì 12 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n USB 2.0, tí ó jáde ní ọdún 2000, lè gbé 480. A óò rí ohun tí ìyàtọ̀ yìí túmọ̀ sí láìpẹ́.

Ọ̀NÀ MẸ́RIN

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mẹ́rin ni àwọn ọ̀nà tí a lè gbà, ipò tí kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà yín wà ni yóò sì sọ èyí tí ó tọ́ sí yín.

Ọ̀nà kìíní ni ti kámẹ́rà tí ó gbọ́ èdè náà fúnra rẹ̀. Àwọn kámẹ́rà kan láyé àtijọ́, pàápàá àwọn tí kò wọ́n, ní ètò PC Camera nínú mẹ́nù wọn. Bí ẹ bá yan án kí ẹ tó ki okùn bọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà yóò rí i gẹ́gẹ́ bí ojú. Èyí tí ó bá ti pẹ́ jù lè béèrè pé kí a fi ètò ògbufọ̀ tirẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ìyẹn ohun tí a ń pè ní driver, tí ó wà nínú CD tí wọ́n tà á mọ́. A ṣe irú CD bẹ́ẹ̀ fún Windows ìgbà náà, nítorí náà kọ̀ǹpútà àtijọ́ lè gbà á níbi tí ti òde òní yóò ti kọ̀ ọ́. Àwọn kámẹ́rà ìgbà tiwa náà wà tí wọ́n ń sọ UVC láìsí ìrànlọ́wọ́. Sony ZV-E10 tí ó jáde ní ọdún 2021 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí tiyín bá wà nínú irú èyí, okùn USB nìkan ti tó.

Ọ̀nà kejì ni ti ètò tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe kámẹ́rà gbé jáde. Ní ọdún 2020, Canon gbé tirẹ̀ jáde ní oṣù Kẹrin, Fujifilm ní oṣù Karùn-ún, Nikon àti Sony ní oṣù Kẹjọ. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi í sílẹ̀ nígbà náà, ó sì dára fún ẹni tí ó bá bá a mu. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí a dárúkọ nínú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ fún, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ kámẹ́rà ńlá tí a lè yọ ojú rẹ̀. Lára kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Windows, ẹ̀yà 10 oní-64-bit ni wọ́n béèrè fún nígbà tí wọ́n jáde. Kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí Windows 7 kò lè bá wọn lọ. Nítorí náà, ẹ ka àkọsílẹ̀ náà kí ẹ tó fi dátà yín wá ètò tí kò ní ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà kẹta ni ti Linux. Fún ẹ̀ka tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti di arúgbó, Linux jẹ́ ètò tí a kò san owó fún, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan sì fúyẹ́ débi pé kọ̀ǹpútà tí Windows ti wúwo jù fún yóò tún máa rìn. Àwọn ètò mẹ́ta ni ó ń jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. gphoto2 ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ láti inú okùn USB, ó sì ń gba ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lọ́wọ́. ffmpeg ń tún àwòrán náà ṣe sí irú tí a fẹ́. v4l2loopback sì ń gbé e kalẹ̀ fún kọ̀ǹpútà bí ẹni pé webcam kan wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkọsílẹ̀ gphoto2 sọ àwọn kámẹ́rà tí ó gbọ́ èdè wọn. Àwọn kámẹ́rà Canon àti Nikon tí a lè yọ ojú wọn pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré alápò ni kì í jẹ́ kí a gba àwòrán lójú ẹsẹ̀ lọ́nà yìí. Ọ̀nà yìí kò gbé ohùn, àwòrán nìkan ni. Ó tún fẹ́ ẹni tí ó ní sùúrù láti kọ́ bí a ti ń tẹ àṣẹ sí kọ̀ǹpútà. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá wà tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ pè é wá.

Ọ̀nà kẹrin ni ti ẹ̀rọ agbàwòrán, òun sì ni ó jọ ti Cambridge jù lọ. Ẹ̀rọ kékeré ni, kò ju àtàǹpàkò méjì lọ, tí àwọn tí ń tà á ń pè ní capture card. Ẹnu rẹ̀ kan wọ inú ihò USB kọ̀ǹpútà, ẹnu kejì ń gba okùn tí ó ti ara kámẹ́rà wá. Oríṣi méjì ni. Ti kámẹ́rà tí ó ní AV ní ihò yẹ́lò fún àwòrán, pẹ̀lú funfun àti pupa fún ohùn, gẹ́gẹ́ bí ti ẹ̀rọ fídíò àtijọ́. Ti kámẹ́rà tí ó ní HDMI ń gba okùn HDMI; ẹ ṣọ́ra nítorí ihò HDMI ara kámẹ́rà sábà máa ń kéré ju ti tẹlifíṣọ̀n lọ, oríṣi méjì ni kékeré náà sì pín sí, ẹ gbé kámẹ́rà dání lọ sí ọjà nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra okùn.

Fún oníhò yẹ́lò, ẹ yan PAL nínú mẹ́nù kámẹ́rà àti nínú ètò kọ̀ǹpútà, nítorí PAL ni ìlànà tẹlifíṣọ̀n tí a ń lò tẹ́lẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí ọ̀kan bá wà lórí PAL tí èkejì wà lórí NTSC ti Amẹ́ríkà, àwòrán lè máa yí, tàbí kí àwọ̀ rẹ̀ pòórá, àwọn ènìyàn yóò sì sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tí ń tà á bóyá ẹ̀rọ náà ń sọ UVC. Èyí tí ó bá ń sọ ọ́ kò fẹ́ CD kankan. A ó kì í bọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà yóò sì mọ̀ ọ́n. Èyí tí kò bá sọ ọ́ yóò béèrè driver tirẹ̀, ó sì lè má sí irú rẹ̀ fún Windows yín.

Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí kẹrin ni mo gba ẹ̀ka tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti pẹ́ níyànjú pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú, bí àyẹ̀wò tẹlifíṣọ̀n bá ti yọrí sí rere. Kò bìkítà nípa orúkọ tí ó wà lára kámẹ́rà, kò sì béèrè Windows tuntun. Bí kámẹ́rà kan bá bàjẹ́ lọ́la, ẹ̀rọ kan náà yóò gba òmíràn tí ó bá ní irú ihò kan náà.

ẸRÙ TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ LÈ GBÉ

Kí a má ṣe di ẹrù erin lé orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Àwòrán tí ó ní àmì 640 ní ìbú àti 480 ní gíga, tí ó ń yí ní ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó nǹkan bí mẹ́gábíìtì 147 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan bí a kò bá fún un pọ̀. USB 1.1 tí ó ń gbé 12 kò lè gbé e; USB 2.0 tí ó ń gbé 480 yóò gbé e pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n àwòrán ńlá tí ó ní 1920 ní ìbú àti 1080 ní gíga yóò tó nǹkan bí 995, ó sì ju agbára USB 2.0 lọ. Nítorí náà ni ẹ̀rọ agbàwòrán fi máa ń fún un pọ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà yóò sì tún ní láti tú u. Iṣẹ́ títú yìí ni ó ń mú kí kọ̀ǹpútà àtijọ́ máa gbóná, kí ohùn máa já, kí àwòrán sì máa dúró gbọnin. Ẹ yan 640 àti 480. Ó tó láti rí ojú ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ó sì ń dín dátà tí ẹ óò rà kù. Ẹ ti gbogbo ètò mìíràn pa kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà níbẹ̀. Microsoft dáwọ́ àtúnṣe fún Windows 7 dúró fún gbogbogbòò ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Kọ̀ǹpútà tí kò rí àtúnṣe gbà mọ́ dà bí ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àjèjì. Bí irú rẹ̀ ni ẹ bá fi ń ṣe ìpàdé, ẹ má ṣe fi orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ìwé báńkì ẹ̀ka pamọ́ sínú rẹ̀.

INÁ, ÌMỌ́LẸ̀ ÀTI OHÙN

A kò ṣe bátìrì kámẹ́rà fún ìpàdé wákàtí mẹ́ta. Ohun kan wà tí ó rí bí bátìrì gan-an, ṣùgbọ́n tí wáyà ti ara rẹ̀ jáde lọ sí ojú iná. Ẹ béèrè fún ti irú kámẹ́rà yín, kí ẹ sì rí i pé fóòtì tí a kọ sí i bá ti bátìrì mu. Nínú mẹ́nù, ẹ pa ètò tí ń mú kí kámẹ́rà sùn fúnra rẹ̀ bí a kò bá fọwọ́ kàn án. Bí iná bá ń ṣe ségesège ládùúgbò yín, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára sàn ju kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ.

Ẹ jẹ́ kí fèrèsé tàbí iná wà níwájú ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kí ó má ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjìji ni ìpàdé yóò rí. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta tàbí sórí ìwé tí a tò jọ, kí ó bá ojú mu. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe gbójú fo ohùn. Ìpàdé lè fara da àwòrán tí kò mọ́, ṣùgbọ́n ìpàdé tí a kò gbọ́ kì í ṣe ìpàdé. Máìkì kékeré tí a ki bọ kọ̀ǹpútà, tí a sì gbé sí iwájú olùsọ̀rọ̀, dára ju èyí tí ó wà lára kámẹ́rà ní òpin yàrá lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé fóònù lè ṣe gbogbo èyí. Òótọ́ ni pé ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n fóònù jẹ́ ti ẹnìkan, ìpè lè wọlé sí i, olówó rẹ̀ a sì gbé e lọ ilé. Kámẹ́rà ẹ̀ka jẹ́ ti ẹ̀ka, ó sì lè rí ènìyàn mẹ́wàá tí ó jókòó yí tábìlì ká.

OJÚ TÍ Ń WO ÒṢÌṢẸ́

Èyí tí ó kù ni ó wúwo jù. Kámẹ́rà tí ó jẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ rẹ rí ọ lè jẹ́ kí ẹlòmíràn náà rí ọ. Òṣìṣẹ́ tí ó dìde nínú ìpàdé láti fi ẹ̀sùn kan agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ń fi iṣẹ́ rẹ̀ wéwu bí àwòrán náà bá bọ́ sí ọwọ́ tí kò yẹ. Nítorí náà, ẹ̀ka gbọ́dọ̀ pinnu ṣáájú: ta ni ó ní àṣẹ láti gba ìpàdé sílẹ̀, níbo ni a óò fi í pamọ́ sí, ìgbà wo ni a óò sì pa á rẹ́? Kí alága sọ ọ́ ketekete ní ìbẹ̀rẹ̀ bóyá a ń gbà á sílẹ̀ tàbí a kò gbà á. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ìsọfúnni tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀ sí ohun tí ó ní ààbò. Bí a bá ń béèrè pé kí agbanisíṣẹ́ bọ̀wọ̀ fún òfin náà, ilé tiwa ni kí a ti kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún un.

Níhìn-ín ni kámẹ́rà tí a so mọ́ra fi ní àǹfààní kan tí ti inú kọ̀ǹpútà kò ní. Bí ìpàdé bá parí, ẹ yọ okùn rẹ̀, kí ẹ sì dé ojú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè ti òkèèrè wo yàrá yín láti inú kámẹ́rà tí ó wà nínú àpótí. Ẹ rántí pé máìkì náà ní etí. Ẹ yọ òun náà.

ÌPARÍ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sí ìpàdé ẹ̀ka yín. Ẹ yan ènìyàn méjì, kì í ṣe ẹnìkan, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tẹlifíṣọ̀n lórí kámẹ́rà ẹ̀ka, kí wọ́n sì jábọ̀. Ìmọ̀ tí ó wà lọ́dọ̀ ẹnìkan ṣoṣo máa ń bá a lọ nígbà tí wọ́n bá gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ mìíràn. Ẹ jẹ́ kí akápò má ṣe san owó fún ẹ̀rọ kankan títí tí àbọ̀ náà yóò fi wọlé. Ẹ sì kọ ìpinnu yín nípa gbígba ìpàdé sílẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀ka kí ẹ tó tan kámẹ́rà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá ti ṣe èyí, ẹ kọ̀wé sí àwọn tí ń pe ìpàdé, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀ka yín ti ṣe tán láti jókòó níbẹ̀ láti ibi tí ẹ wà, kí wọ́n sì fi yín sínú ètò. Ẹ̀ka tí ó ti ní ojú àti ohùn kò gbọ́dọ̀ gbà mọ́ pé kí a máa fi ìwé nìkan sọ ohun tí a ti pinnu fún un. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, ọwọ́ tí ó sì wà ní ọ̀nà jíjìn wà lára àwọn ọwọ́ náà.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ kò ní tú o.